Ẹ Jẹ́ Kí N Tẹ́tí sí Ilẹ̀ Yín

Ilé kẹfà rè é láàárọ̀ yìí ní Òdè Rẹ́mọ.
Mo bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu géètì,
mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀,
ẹ̀rọ àlòkù mi léjìká bí ọkọ́ ẹni tí kò lóko.

Nílé kìíní, wọ́n bèèrè ìwé ìjọba.
Nílé kejì, ajá ló dá mi lóhùn.
Alhájì Kúkọ̀yí gbọ́ mi dé ìparí,
wọ́n nu awò ojú wọn, wọ́n ní:
“Tó o bá rí góòlù, ta ló ni ín?”
Mo ní ká pín in sí méjì.
“Tó o bá rí òkú ńkọ́?”
Mi ò tíì ronú débẹ̀.
Wọ́n ti géètì jẹ́jẹ́, bí ẹni pa ìwé dé.

Mi ò bínú.
Ìwọ́ tèmi náà wà lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá mi ní Ìpẹru,
bàbá bàbá mi sùn sábẹ́ pálọ̀ tí a ti ń jẹun.
Bí àlejò kan bá gbé irin tó ń ké wá,
tó ní òun fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ péré,
ṣé èmi á ṣílẹ̀kùn?

Màmá Ọ̀ṣínáìkè jókòó ti gàrí tí wọ́n tẹ́ sórí àpò kó tutù.
Ọwọ́ wọn ń tú u, wọn ò gbójú sókè.
“Lèsí rán ẹ wá?”
Kò sẹ́ni tó rán mi, mà.
“Kí lò ń wá?”
Ohun tó bá sọnù. Irin, bàbà, idẹ, owó àtijọ́.
“Eghó?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́.
“Eghó tó bá wọlẹ̀ ní Rẹ́mọ,
ẹni tó rì í ti padà wá hú u.”

Wọ́n dìde ṣá, wọ́n fi igi fa ìlà.
“Má kọjá ọsàn yẹn, ìwọ́ ọmọ mẹ́ta ló wà lábẹ́ ẹ̀,
ọ̀kan nínú wọn ò sí mọ́.
Má dé ibi símẹ́ńtì, ọkọ mi ń sinmi.
Ìyókù, máa gbọ́ ọ lọ.
Kòtò tó o bá gbẹ́, kó o dí i.”

Mo ń gbé ẹ̀rọ lọ, mo ń gbé e bọ̀, láìkan ilẹ̀,
bí ẹni ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sọ́mọ tó ń sùn.
Ó ké: ìdérí agolo mílíìkì.
Ó ké: ìṣó. Ìṣó. Ìṣó mìíràn.
Ó ké: onínì kan, amọ̀ ti dí ihò rẹ̀.
Màmá fi ìka nù ún, wọ́n dá a padà fún mi:
“Kò ra nǹkan gidi nígbà yẹn náà.”

Nítòsí kànga tí wọ́n ti dí,
ohùn náà yàtọ̀, ó gùn, kò já.
Mo wà á dé ìgbọ̀nwọ́.
Agádágodo.
Ó ti dípẹtà, ó ṣì wà ní títì.

Màmá gbà á, wọ́n dákẹ́.
Adìẹ kan wọ inú gàrí, wọn ò lé e.
“Ti àpótí tí mo gbé wọlé ọkọ nì yí.
Mo ní ìyálé mi ló jí i.
Ó búra, mi ò gbà.
Ọdún mọ́kàndínlógójì la ò fi jọ jẹun.
Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú,
mo wẹ̀ ẹ́ tìbínú-tìbínú.”

Mo ní, ó lè jẹ́ ọmọdé ló jù ú síbẹ̀, mà.
“Ó lè jẹ́ òun náà,” ni wọ́n wí.
“Dí kòtò ẹ.”

Mo dí i. Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.
Wọ́n wọn gàrí kóńgò kan fún mi, wọn ò jẹ́ kí n dúpẹ́.

Nílé keje, mo tún dọ̀bálẹ̀.
Ẹ̀bẹ̀ tí mo ti kọ́ sórí fò lọ lẹ́nu mi.
Mo ní: Ẹ jọ̀ọ́, sà,
kí lẹ ò fẹ́ kí n rí?

Wọ́n ní kí n dúró.
Oòrùn ti dé àtàrí, mo ṣì wà ní ìdúró.